Georges Widal: Ọkùnrin tí a ń fi orúkọ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣòro kí a tó rí ilé Yorùbá kan ní Zaria tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Bí ara ọmọ bá gbóná fún ọjọ́ méjì, bí orí bá ń fọ́ bàbá, bí ìyá bá ní ẹnu òun korò tí oúnjẹ kò sì wọlé mọ́, ohun tí a óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò ni pé kí wọ́n lọ ṣe Widal. A óò lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wa, kò sì ní pẹ́ tí ìwé yóò fi jáde pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀: 1/80, 1/160, 1/320. A óò mú ìwé náà lọ sí kẹ́míìsì, a óò ra oògùn, a óò sì sọ fún ará ilé pé táífọ́ọ̀dù ni.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi ara wa pé kí ni Widal, ta ni yóò dáhùn? Àwọn kan rò pé orúkọ oògùn ni. Àwọn mìíràn rò pé orúkọ àìsàn gan-an ni, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé Widal òun ga. Orúkọ èèyàn ni o! Ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1929 ló ń jẹ́ ẹ. Ìtàn ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹni tó bá mọ bí ọkùnrin náà ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí, yóò mọ ohun tí àyẹ̀wò tó fi sílẹ̀ lè sọ fún wa, yóò sì mọ èyí tí kò lè sọ. Àìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì ti ná wa lówó púpọ̀, ó sì ti ná àwọn mìíràn ní ẹ̀mí.

Ọmọ tí wọ́n bí sí àjò

Georges Fernand Isidore Widal ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Oṣù kẹta ọdún 1862 ni wọ́n bí i ní Dellys, ìlú kékeré kan létí òkun ní Àlgéríà. Ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa tó bí a ṣe lè rò. Bí a bá dorí kọ àríwá láti Zaria níbí, tí a gba Kánò kọjá sí Niger, tí a sì la aṣálẹ̀ Sàhárà já, Àlgéríà ni a óò bọ́ sí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Júù ilẹ̀ Faransé ni àwọn òbí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n bí sí Sabon Gari tí bàbá wa sì ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹdẹ tàbí Ìwó wá. A mọ bó ṣe máa ń rí kí a bí èèyàn síbì kan, kí orírun rẹ̀ sì wà níbòmíràn.

Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì tọ ipasẹ̀ bàbá. Paris, olú ìlú ilẹ̀ Faransé, ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ibẹ̀ náà ló sì ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Àsìkò tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ àsìkò tí ojú àwọn oníṣègùn ń là. Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé àti Robert Koch ní Jámánì ti fi hàn pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn. Ní ti táífọ́ọ̀dù, Karl Eberth rí kòkòrò rẹ̀ ní 1880, Georg Gaffky sì rí i gbìn, ó hù lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1884.

Kí a má gbàgbé pé àrùn òyìnbó pẹ̀lú ni táífọ́ọ̀dù nígbà náà. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹni tó ní in ló ń bọ́ sínú omi tàbí oúnjẹ ẹlòmíràn, ìlú ńlá tí omi mímu àti omi ìdọ̀tí rẹ̀ bá sì ti ń pàdé, kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí táífọ́ọ̀dù pa lé ní 8,000. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn rẹ̀ níbì kankan láyé.

Odò kan náà ni wàhálà náà ti ń ṣàn

Nígbà tí Widal ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, òun àti oníṣègùn kan tó ń jẹ́ André Chantemesse dawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́. Ní 1887, wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí kòkòrò táífọ́ọ̀dù àti ọ̀nà tó ń gbà wọ ara èèyàn. Ní 1888, wọ́n fi kòkòrò tí wọ́n ti pa gún eku lábẹ́rẹ́, wọ́n sì rí i pé nígbà tí àwọn eku náà tún pàdé kòkòrò tó wà láàyè, ó ṣòro kó tó rí wọn pa. Ẹ wò ó, ìpìlẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù nìyẹn, ó sì tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tó gún un fún èèyàn.

Ọdún 1888 kan náà ni àwọn méjèèjì kọ̀wé lórí kòkòrò kan tí wọ́n rí lára àwọn tó ń ya ìgbẹ́ ọ̀rìn. Àlàyé wọn kò kún tó, ayé kò sì gbà á. Ọdún bí mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni Kiyoshi Shiga ti ilẹ̀ Jàpáàn fi ẹ̀rí tó dájú múlẹ̀, orúkọ Shiga ni kòkòrò náà sì ń jẹ́ dòní. Nínú ìṣègùn, kí èèyàn rí nǹkan kò tó, àfi kó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn.

Ní 1889, Widal kọ ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ibà tó ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ó ṣàlàyé bí irú kòkòrò kan ṣe ń gba ojú ọgbẹ́ ìbímọ wọlé sára obìnrin. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn lọ sí yàrá ìwádìí, tí yóò sì tún gbé e padà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Oṣù kẹfà ọdún 1896

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni a dé yìí. Ohun tó ń da àwọn oníṣègùn láàmú ni pé ibà jọ ara wọn. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó fara pamọ́, àrùn ọpọlọ àti táífọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná àti orí fífọ́. Aláìsàn lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí dókítà tó lè sọ èyí tó ń ṣe é.

Ara èèyàn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí kòkòrò kan bá wọlé, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun ìjà tó bá kòkòrò náà gan-an mu, yóò sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1896, Max von Gruber àti ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Herbert Durham, ṣàlàyé ní Vienna pé bí a bá da omi ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ara rẹ̀ ti mọ kòkòrò kan pọ̀ mọ́ kòkòrò yẹn, àwọn kòkòrò náà yóò dì mọ́ra ní ṣùùṣù, bí ìgbà tí omi bá kán sínú gàrí gbígbẹ. Wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ dá kòkòrò tí wọn kò mọ̀ mọ̀.

Widal yí i po. Ó mú kòkòrò táífọ́ọ̀dù tó ti mọ̀ dájú, ó sì kán omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí kò mọ àìsàn rẹ̀ sí i. Bí kòkòrò bá dì ní ṣùùṣù, a jẹ́ pé ara aláìsàn náà ti bá táífọ́ọ̀dù pàdé. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1896 ló gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Paris. Kò gba ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ, kò sì gba àsìkò púpọ̀. Láìpẹ́, àyẹ̀wò náà ti tàn ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àríyànjiyàn ẹni tó ni ín wáyé, títí dòní ni àwọn mìíràn sì ń so orúkọ Gruber mọ́ ti Widal. Àmọ́ Widal ló kọ́kọ́ gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti mọ àìsàn lára aláìsàn, tirẹ̀ ni orúkọ tó sì dúró.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àyẹ̀wò Widal kì í wá kòkòrò. Ohun ìjà tí ara rọ sí kòkòrò ló ń wá. Nọ́ńbà tí a ń rí lórí ìwé, 1/160 fún àpẹẹrẹ, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n la omi ẹ̀jẹ̀ náà ní ìlọ́po 160, síbẹ̀ ó ṣì lágbára láti di kòkòrò mọ́ra. Kì í ṣe iye kòkòrò tó wà nínú wa.

Nítorí náà, ọ̀nà mélòó kan wà tí ìwé náà lè gbà tàn wá. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara tó rọ ohun ìjà yìí tó, nítorí náà ẹni tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́ lè ṣe Widal ní ọjọ́ kẹta kó má fi nǹkan kan hàn. Ohun ìjà náà kì í kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí àìsàn lọ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ẹni tó ti sàn, tàbí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, lè ní nọ́ńbà tó ga. Àwọn kòkòrò mìíràn tó bá ti táífọ́ọ̀dù tan lè gbé e sókè, ibà ẹ̀fọn pẹ̀lú lè gbé e sókè. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń mu omi tí kò dá ṣáṣá láti kékeré, nọ́ńbà tó ga díẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rìn kiri ọjà láìṣàìsàn. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi wá ń sọ pé bí a óò bá gbára lé e, kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mélòó kan wà láàárín, kí a lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ń gòkè lọ gan-an. Ìlú mélòó ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Ìwé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwa ń gbà, kíá ni a sì ti gbé e dé kẹ́míìsì.

Ìyókù ayé rẹ̀

Widal kò jókòó ti òkìkí yìí. Ní 1903, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iyọ̀ tí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kò lè gbé jáde ló ń fa omi mọ́ ara tí ara fi ń wú. Oúnjẹ tí kò níyọ̀ di ìtọ́jú. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí dókítà bá ti sọ fún pé kó dín iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ kù nítorí ara wíwú, ó ti jẹ nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí láìmọ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Paris, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn Cochin.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, táífọ́ọ̀dù àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní paratáífọ́ọ̀dù wọ inú kòtò àwọn ọmọ ogun Faransé, ó sì dá ọ̀pọ̀ wọn dùbúlẹ̀. Widal wà lára àwọn tó ṣètò àjẹsára tó ń dènà àwọn kòkòrò náà pa pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gún àwọn ọmọ ogun ni iye àwọn tó ń ṣàìsàn ń já wálẹ̀. Iṣẹ́ tí òun àti Chantemesse fi eku bẹ̀rẹ̀ ní 1888 ti di ààbò fún èèyàn. Ní 1919, Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Jùlọ fún Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé gbà á wọlé.

Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1929 ni Fernand Widal kú ní Paris. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọ àwọn míṣọ́nnárì kúrò nínú ìlú àtijọ́ Zaria bọ́ sí Wusasa, níbi tí ilé ìwòsàn wọn ti tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa. Ọkùnrin yìí kú láìfojú rí oògùn táífọ́ọ̀dù. Ní 1948 ni chloramphenicol ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn onítáífọ́ọ̀dù sàn. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: nígbà tí Widal ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, bó bá tilẹ̀ ṣìnà, kò sí oògùn tí a lè ṣì lò. Lónìí, àṣìṣe ìwé kan lè fi ẹnì kan sórí oògùn tí kò nílò, kó sì fi ẹlòmíràn sílẹ̀ láìsí èyí tó nílò.

Nílé wa ní Zaria

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé irọ́ ni táífọ́ọ̀dù. Ó wà ní Zaria, ó sì ń pani. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti kọ̀wé lórí àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí pé táífọ́ọ̀dù ti lu ìfun wọn. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ibà ti ń jà. Ohun tó wà nínú ìfun yóò tú sínú ikùn, ikùn yóò wú, yóò le bí pákó, bí wọn kò bá sì tètè là á, ẹ̀mí lè bọ́. Ẹlòmíràn wà nínú wọn tí ilé rẹ̀ ti ná owó sórí Widal mẹ́ta, àgbo méjì àti àpò oògùn kan kí wọ́n tó gbé e dé Shika.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn tí kò ní táífọ́ọ̀dù rárá. A mọ̀ wọ́n ní àdúgbò wa. Ibà ẹ̀fọn ni, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí ọgbẹ́ inú ikùn tí kòkòrò mìíràn ń fà. Wọ́n lo oògùn, wọ́n tún ṣe Widal lẹ́yìn oṣù kan láti mọ̀ bó ti tán, nọ́ńbà ṣì ga, wọ́n tún lo oògùn. Wọn á máa sọ pé táífọ́ọ̀dù àwọn kì í lọ. Ohun ìjà ara ni kò tíì lọ, àìsàn tó ń ṣe wọ́n gan-an kò sì tíì rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Oògùn tí wọ́n sì ń lò lásán ń kọ́ kòkòrò bí a ṣe ń gbójú sí oògùn, débi pé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, kò ní ràn mọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ara bá gbóná, kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Bí ibà bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí orí ń fọ́, tí inú ń dunni, tí ìgbẹ́ há tàbí tó ń ya, kí a lọ rí dókítà kí a tó fẹnu kan oògùn kankan. Kí a bi í bóyá wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ wa sínú ìgò tí kòkòrò ti lè hù. Ìyẹn ni àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì wọ́n ju Widal lọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ orúkọ kòkòrò, ó sì ń sọ oògùn tó lè pa á. Bí a bá ti lo oògùn apakòkòrò ṣáájú, ó lè má hù mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a má ṣe kọ́kọ́ dé kẹ́míìsì. Bí dókítà bá kọ oògùn, kí a lò ó parí, kódà bí ara bá ti yá ní ọjọ́ kẹta. Bí ikùn bá wú tó sì le, bí ìgbẹ́ bá dúdú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí aláìsàn bá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má fún un ní àgbo tàbí oògùn ìyàgbẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ti omi náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A mọ bí omi ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe wá ní Zaria. A ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, a ń fa omi kànga tí ṣáláńgá aládùúgbò kò jìnnà sí. Ẹ jẹ́ kí a máa se é kí a tó mu ún, kí a sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń se oúnjẹ tà, tàbí tó ń ta kunu àti fúrá, ẹ̀yin ni a ń bá wí jùlọ. Láyé Widal, obìnrin alásè kan wà ní New York, Mary Mallon ni orúkọ rẹ̀. Kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kòkòrò táífọ́ọ̀dù ń gbé inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó se oúnjẹ fún ló sì kó o. Ìjọba mú un kúrò láàárín èèyàn ní 1907, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910, wọ́n tún mú un ní 1915, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 1938. Ara líle kì í ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ mọ́.

Widal ṣe iṣẹ́ rere, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹlẹ́rìí ni àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́, àwa la sọ ọ́ di adájọ́. Bẹ́ẹ̀, a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe Widal, ẹ rántí ọmọ tí wọ́n bí sí Dellys, kí ẹ sì bi dókítà yín pé ẹlẹ́rìí mìíràn wo ló tún wà.

Ọlọ́run kò ní fi àìsàn dán wa wò, kò sì ní jẹ́ kí a kú ikú àìmọ̀. Ó di ìgbà mìíràn, ire o.